Áìsì eléso tẹ́ ẹ lè ṣe sílẹ̀ de àlejò

Tẹ́ ẹ bá ń retí àlejò tí ooru sì ń mú, ẹ má wulẹ̀ dúró nídìí iná, èso tó pọ́n, ṣúgà díẹ̀, blẹ́ńdà àti fírísà ti tó. Àmọ́ ẹ ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú o, torí ó máa ń tó wákàtí 4 sí 6 kó tó dì dénú, kí àlejò má lọ jókòó tán kí tiyín ṣì máa dà gbéregbère nínú kọ́ọ̀pù.

Máńgòrò ni o, ọ̀pẹ̀yìnbó ni o, wọ́tàmẹ́lọ́ọ̀nù ni o, ó ṣáà ti gbọ́dọ̀ pọ́n dáadáa. Kódà èyí tó ti ń rọ̀ jù láti gé jẹ ló dáa jù, bí kò bá ṣáà ti bà jẹ́. Ẹ bó o, ẹ yọ kóró ẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ da ṣúgà sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 kí ṣúgà yọ́ kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Tí máńgòrò yín bá ní irun, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bu omi sí i torí pé ẹ fẹ́ kó pọ̀, omi yẹn gan-an ló ń sọ ọ́ di òkúta tí eyín ò ní lè gé.

Ṣúgà yẹn nìdí ọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò kó tó wọ fírísà, ó yẹ kó dùn ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lọ díẹ̀, torí ahọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ adùn nǹkan tó tutù, èyí tó dùn ṣe rẹ́gí lónìí á tẹ́ lẹ́nu lọ́la. Ṣúgà náà ni kì í jẹ́ kó le jù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dà á jù kò ní dì mọ́. Fún èso lílọ̀ kọ́ọ̀pù 4, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ṣíbí ńlá 3, kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ lè lo oyin dípò ṣúgà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1 ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Ẹ má rọ ọ́ kún kọ́ọ̀pù, ó máa ń wú tó bá ń dì. Igi tẹ́ ẹ máa fi dì í mú ńkọ́? Ẹ dúró bíi wákàtí kan, kí ojú ẹ̀ ti máa gan díẹ̀, kí igi lè dúró ṣánṣán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ ki ìdí kọ́ọ̀pù bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15, á já.

Tẹ́ ò bá rí kọ́ọ̀pù lò, ẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ (bànáná) tó pọ́n sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ jẹ́ kó dì, kẹ́ ẹ wá lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Blẹ́ńdà á kọ́kọ́ pariwo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á rún bíi yanrìn, á dà bíi pé ó ti bà jẹ́, ẹ má bẹ̀rù, ẹ fi ṣíbí ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà lá kàn kúnná bí áìsìkiríìmù tí ò sì sí mílíìkì kankan nínú ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ nìyẹn ṣeé jẹ.

Ẹ dé gbogbo ẹ̀ dáadáa tí ẹja bá wà nínú fírísà yẹn, òórùn máa ń wọ̀ ọ́. Kí àwo tẹ́ ẹ máa fi gbé e kalẹ̀ náà wọ fírísà fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ sì há tíṣù fáwọn èèyàn, ó máa kán sí wọn láṣọ.