Tẹ́ ẹ bá ń lọ ṣe míṣọ́n nílẹ̀ òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ gbà láti di ọmọdé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sin Ọlọ́run nílẹ̀ òkèèrè, tí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fẹ́ lò o, tó jẹ́ ọdún mẹ́ta, márùn-ún, bóyá títí ayé, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà láti di ọmọdé lọ́dún àkọ́kọ́. Ọmọdé tí wọ́n ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni, tí wọ́n ń sọ fún pé a kì í wọlé báyìí níbí. Ó máa ń le, torí púpọ̀ nínú wa ti jẹ́ pásítọ̀ tàbí tíṣà tàbí dókítà ká tó gbéra, àwọn èèyàn ti ń fetí sí wa, ká wá débì kan ká má lè ra ọṣẹ láìnawọ́ sí i.

Ètò ìrìn àjò ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ara àti eyín, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ibẹ̀ ń béèrè, ẹ ṣe kọ́pì páálí yín, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń lọ ṣe tẹ́ ẹ bá ń gba físà.

Èdè ló gba àkókò. Kódà tí wọ́n bá fún yín lógbufọ̀, ẹ ṣì kọ́ ọ, torí kò sẹ́ni tó ń mú ògbufọ̀ dání tó bá fẹ́ lọ tu aládùúgbò nínú lóru. Ẹ ra ìwé kékeré tó ń wọ àpò, ọ̀rọ̀ márùn-ún láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì jáde lọ lò ó kílẹ̀ tó ṣú. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tó máa ń fìka tẹ ètè ẹ̀ kí n lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde, ọjọ́ kan mo ṣi orúkọ omi pè lẹ́ẹ̀mẹfà, kò jẹ́ n lọ, ìgbà tí mo gbà á lẹ́ẹ̀keje ló pàtẹ́wọ́, ló ké sáwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́. Àtọjọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún mi, mi ò sì tíì wàásù kankan.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ tọkọtaya, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọkọ nìkan láá máa lọ kíláàsì èdè tí ìyàwó á wà nílé pẹ̀lú ọmọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ ní wákàtí méjì lójúmọ́ kóun náà lè jáde lọ kọ́ ọ. Mo ti rí ìdílé tó padà sílé torí èyí nìkan.

Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ayọ̀ àkọ́kọ́ á ti rọlẹ̀. Ariwo, títò lórí ìlà ní ọ́fíìsì, bí wọ́n ṣe ń wò yín, gbogbo ẹ̀ á máa bí yín nínú, ẹ ó sì rò pé bóyá ẹ ṣi ìpè gbọ́ ni. Ẹ má tíì pinnu nǹkan kan. Ẹ sùn dáadáa, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìsinmi, ẹ dín pípe ilé lórí WhatsApp kù, torí ẹni tọ́kàn ẹ̀ wà nílé látàárọ̀ dalẹ́ ò lè bá ẹni tó wà níwájú ẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ tí oorun bá kọ̀, tóúnjẹ ò lọ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn tó rán yín. Ìyẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ẹ tún bá ìjọ tó rán yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa èso, ìyẹn àwọn tó máa gba Jésù gbọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ. Míṣọ́nnárì ni William Carey, ó dé Íńdíà ní 1793, ìparí ọdún 1800 ló tó ṣèrìbọmi fún Krishna Pal, Híńdù àkọ́kọ́ tó gba Jésù gbọ́ lọ́wọ́ òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Adoniram Judson, míṣọ́nnárì míì, dé Burma, tó ń jẹ́ Myanmar báyìí, ní 1813, ó di 1819 kó tó ṣèrìbọmi fún ará ibẹ̀ kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá ti mọ èyí, wọn ò ní máa béèrè iye ọkàn lóṣooṣù, ẹ̀yin náà ò sì ní máa bù mọ́ ọn nínú lẹ́tà.

Tó bá dọ̀rọ̀ owó, ẹ bi àwọn àgbà ìjọ tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ bá jà. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà pínyà lórí ọ̀rọ̀ Máàkù, ó wà ní Ìṣe 15, nígbà tó yá Pọ́ọ̀lù kan náà ló ní kí wọ́n mú Máàkù wá torí ó wúlò fún òun. Tí ìjà bá dé, ẹ bá ara yín sọ ọ́ lójúkojú kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ bá àwọn tó rán yín nílé.

Tẹ́ ẹ bá wá padà sílé fún ìsinmi, ilé náà á ti yàtọ̀, ẹ̀yin náà á ti yàtọ̀. Ẹ bẹ pásítọ̀ yín kó fún yín ní Sunday méjì kẹ́ ẹ kàn jókòó sáàárín ìjọ kẹ́ ẹ tó gun pẹpẹ.