Bí A Ṣe Lè Díwọ̀n Ewu Nikotíìnì Láì Dà Á Pọ̀ Mọ́ Ti Èéfín Sìgá

Ìbéèrè bóyá nikotíìnì, èròjà inú ewé tábà tó ń sọ sìgá di bárakú, fúnra rẹ̀ léwu kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo tó bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa ní láti mọ ohun mẹ́ta: ọ̀nà tí nikotíìnì ń gbà wọ ara, irú ẹni tó ń lò ó, àti ohun tí ẹni náà ìbá máa lò bí kò bá sí i. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ń mu sìgá láti ìgbà èwe rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́langba tí kò fi ẹnu kàn án rí, ìmọ̀ràn tó sì lè gba ẹnì kan là lè ṣi èkejì lọ́nà.

Ẹ kọ́kọ́ ya èéfín sọ́tọ̀. Bí ewé tábà bá ti ń jó, kẹ́míkà tó lé ní 7,000 ni èéfín rẹ̀ ń gbé jáde, nǹkan bí 70 nínú wọn ni a sì mọ̀ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀dà inú èéfín náà ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ carbon monoxide inú rẹ̀ ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn èérún tí ojú kò lè rí sì ń ba òpójẹ̀ jẹ́, wọ́n ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa dì. Inú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àìsàn tí sìgá ń kó báni ti ń wá. Nikotíìnì wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti de ènìyàn mọ́ sìgá, kí onítọ̀hún lè máa padà sídìí àwọn yòókù lójoojúmọ́. Michael Russell, oníṣègùn ọpọlọ tó ṣe ìwádìí lórí sìgá mímu ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ ní 1976 pé nítorí nikotíìnì ni àwọn ènìyàn ṣe ń mu sìgá, ṣùgbọ́n ọ̀dà inú rẹ̀ ló ń pa wọ́n.

Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò da ọ̀rọ̀ yìí nù. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka èéfín tábà àti tábà tí a ń jẹ lẹ́nu mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ka nikotíìnì fúnra rẹ̀ mọ́ wọn. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà lórí àwọn amusìgá 5,887, àwọn kan jẹ gọ́ọ̀mù nikotíìnì, ìyẹn ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi nikotíìnì sí láti ran amusìgá lọ́wọ́ kí ó lè fi sìgá sílẹ̀, fún ọdún mélòó kan, a kò sì rí i pé àrùn ọkàn gbé wọn dé ilé ìwòsàn ju àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Láti 2009 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi gọ́ọ̀mù nikotíìnì, àti pélébé rẹ̀ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, ìyẹn àlẹ̀mára, sínú àkójọ àwọn oògùn tó pọn dandan.

Èyí kò sọ nikotíìnì di omi mímu. Ó ń mú kí ọkàn sáré, ó ń fún òpójẹ̀ pọ̀, ó sì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè má fura rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó lo irú èyíkéyìí nínú rẹ̀. Fún aboyún, nikotíìnì ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọlẹ̀, ó sì lè ṣe àkóbá fún ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀fóró tó ń dàgbà lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí aboyún kan bá ti gbìyànjú títí tí kò lè fi sìgá sílẹ̀, dókítà lè gbà pé kí ó fi gọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀, nítorí pé sìgá ń fún ọlẹ̀ ní nikotíìnì kan náà pẹ̀lú gbogbo májèlé inú èéfín. Ní ti àwọn ọ̀dọ́, ọpọlọ ènìyàn ń dàgbà títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25, bárakú sì tètè máa ń ràn mọ́ ọpọlọ tí kò tíì gbó. Lójú tèmi, ibí yìí ni ẹ̀sùn tó wúwo jù lórí nikotíìnì wà: ó ń gba òmìnira lọ́wọ́ ẹni tí kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá mu sìgá kò ní ìdí kankan láti tọ́ ọ wò ní ọ̀nà yòówù kó jẹ́.

Májèlé sì ni bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti fi í pa kòkòrò oko rí, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń já ewé tábà tí òjò tàbí ìrì ti rin sì máa ń ní òòyì àti èébì, nítorí pé nikotíìnì ń gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn láìsí èéfín kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí ó ṣe ń yára tó. Nikotíìnì inú èéfín sìgá ń dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, ìdajì rẹ̀ á sì ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí 2, ìdí nìyẹn tí amusìgá fi ń wá òmíràn kiri kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyára yìí wà lára ohun tó ń sọ ọ́ di bárakú. Àlẹ̀mára ń tú tirẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 16 tàbí 24, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó di bárakú fún ẹnikẹ́ni. Gọ́ọ̀mù yára jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ sìgá rárá.

Ẹ má sì rò pé ohunkóhun tí kò bá ti rú èéfín ti mọ́. Àṣáà àti tábà tí a ń jẹ ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní nitrosamine nínú, àwọn tábà tí kò ní èéfín wọ̀nyí sì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Sìgá ẹ̀rọ, ìyẹn vape, kì í jó ewé tábà, nítorí náà májèlé inú ooru tó ń tú jáde kéré gan-an sí ti sìgá, ṣùgbọ́n kò ṣófo, kò sì tíì pẹ́ lọ́jà tó kí a tó fi ojú rí ohun tí yóò ṣe sí ẹni tó bá fi ogójì ọdún mu ún. Amusìgá tó bá pa sìgá tì pátápátá tó sì lọ sórí rẹ̀ ti dín ewu kù. Ẹni tó ń mu méjèèjì pọ̀ ṣì ń fa èéfín.

Ẹni tó bá fẹ́ fi nikotíìnì aláìléèéfín kúrò nídìí sìgá gbọ́dọ̀ lò ó tó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ìbẹ̀rù nikotíìnì máa ń mú kí ènìyàn jẹ gọ́ọ̀mù méjì lóòjọ́, òǹgbẹ sìgá á gbé e, á padà sídìí sìgá, á sì sọ pé gọ́ọ̀mù kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá máa ń mu sìgá àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 30 tí ẹ jí, gọ́ọ̀mù 4 mílígíráàmù ló bá yín mu. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2 mílígíráàmù tó. Kì í ṣe gbogbo nikotíìnì inú gọ́ọ̀mù ni ń wọ ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kí nọ́ńbà ara páálí rẹ̀ má ṣe dẹ́rù bà yín.

Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ yàtọ̀ sí ti gọ́ọ̀mù tí a ń rà fún àwọn ọmọdé. Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi máa ta yín lẹ́nu bí ata, kí ẹ wá fi í sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì. Bí títa náà bá rọlẹ̀, ẹ tún un jẹ, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Awọ inú ẹnu ni nikotíìnì ń gbà wọlé. Èyí tí ẹ bá gbé mì yóò kàn fa òsúkè àti inú ríru ni, ẹ̀dọ̀ á sì ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má mu kọfí, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tàbí omi ọsàn ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀, nítorí pé ìkan inú wọn kì í jẹ́ kí ẹnu gba nikotíìnì. Ẹ má ṣe kọjá 24 lóòjọ́.

Ẹni tó ń mu ju sìgá 10 lọ lóòjọ́ sábà máa ń fi àlẹ̀mára 21 mílígíráàmù bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, á bọ́ sórí 14 fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà 7 fún ọ̀sẹ̀ 2. Ibi tó gbẹ tí irun kò sí ni ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ sì máa yí ojú ibẹ̀ padà lójoojúmọ́. Bí ó bá ń fún yín ní àlá burúkú, ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó sùn. Lílo àlẹ̀mára pọ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù máa ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀kan ṣoṣo lọ, nítorí pé èkíní ń di ara mú látàárọ̀, èkejì sì ń pàdé òǹgbẹ tó bá dé lójijì. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí tí èébì ń gbé yín, ìwọ̀n náà ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Èéfín tábà ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ àwọn oògùn kan túútúú, bíi clozapine àti olanzapine tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, àti theophylline fún ikọ́ fée. Èéfín ló ń ṣe èyí, nikotíìnì kò lọ́wọ́ sí i. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá pa sìgá tì, oògùn wọ̀nyí lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín bí ẹ tilẹ̀ ń lẹ àlẹ̀mára. Ẹ sọ fún dókítà ṣáájú kí ó lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kaféènì: ife kọfí tí kò ṣe yín ní nǹkan tẹ́lẹ̀ lè máa gba oorun lójú yín.

Àlẹ̀mára tí ẹ ti lò ṣì ní nikotíìnì tó tó ṣe ọmọdé léṣe nínú. Ẹ ká a sí méjì kí ojú tó ń lẹ̀ wà nínú, ẹ sọ ọ́ sí ibi tí ọwọ́ ọmọ àti ẹran ọ̀sìn kò lè dé. Omi inú vape ló tún gba ìṣọ́ra jù, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí ọmọdé bá gbé mì lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ní ti gọ́ọ̀mù, ẹ máa dín in kù láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7 sí 12. Bí àkókò yẹn bá kọjá tí òǹgbẹ ṣì ń mú yín, ẹ bá apòògùn sọ̀rọ̀ kí ẹ sì tún máa lò ó síwájú sí i, dípò kí ẹ dá a dúró kí ẹ sì padà lọ mu sìgá kan.