Bí a ṣe ń jẹun nídìí tábìlì àwọn ará Ṣáínà

Ẹ má sáré jókòó. Àga tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ti ẹni pàtàkì ni; ẹ jẹ́ kí ẹni tó pè yín fi àyè hàn yín. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú oúnjẹ. Ìyẹn ò le fún ọmọ Yorùbá.

Igi ìjẹun, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ, ni wàhálà. Àwọn oníṣòwò wa tó ń lọ rajà ní Guangzhou, mo ti rí èyí tó di méjèèjì mú bí ìgbálẹ̀, ni ẹran pẹ́pẹ́yẹ bá fò sórí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ tajà fún un. Igi ìsàlẹ̀ kì í mira: ìdí rẹ̀ á wà ní kòtò àtàǹpàkò, ara rẹ̀ á sinmi lé ìka òrùka. Igi òkè ni kí ẹ mú bí ẹni mú bíírò. Òun nìkan ló ń rìn. Bí orí méjèèjì ò bá dọ́gba, kò ní mú nǹkan kan. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi bíírò méjì kó ogún ẹ̀pà láti inú àwo kan sí òmíràn. Ti ọparun ni kí ẹ béèrè; onírin máa ń yọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún igi ìjẹun sínú ìrẹsì! Bí wọ́n ṣe ń gún tùràrí fún òkú nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gún un bẹ́ẹ̀ kó lè gbé fóònù. Ìyá onílé nawọ́, ó yọ igi náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Ẹ má fi lu abọ́, iṣẹ́ alágbe ni. Ẹ má fi tú ọbẹ̀ wá ẹran. Èyí tó wà níwájú yín ni kí ẹ mú. Bí igi ìbùjẹ, èyí tí gbogbo tábìlì jọ fi ń bu oúnjẹ, bá wà, òun ni kí ẹ fi bù. Bó bá ṣòro, ẹ béèrè ṣíbí.

Abọ́ ìrẹsì, gbígbé ni wọ́n ń gbé e súnmọ́ ẹnu.

Ní Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Guangzhou wà, bí wọ́n bá bu tíì fún yín, ẹ fi ìka méjì kan tábìlì díẹ̀, ọpẹ́ nìyẹn. Bí ìkòkò tíì bá gbẹ, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wá rọ omi sí i.

Ọtí baijiu le bí ògógóró, ẹ jẹun kó tó dé. Bí ẹ bá ń kan ife pẹ̀lú àgbà, kí ẹnu ife tiyín rẹlẹ̀ sí tirẹ̀.

Ẹni tó pè yín ló ń sanwó. Síbẹ̀, ẹ nawọ́ sí ìwé owó oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì kó tó borí yín.