Omi ti mọ́ gaara, króòmù ṣì wà níbẹ̀: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú fífi ìmọ́lẹ̀ tọ́jú omi ìdọ̀tí

Tí ẹ bá da ìyẹ̀fun titanium dioxide sínú omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ tó ń fi króòmù bo irin, tí ẹ sì tan iná UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí) sí i, àwọ̀ ìyeyè omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá títí á fi mọ́ gaara. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti yọ króòmù kúrò. Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lè fọ́ àró aṣọ tàbí oògùn apakòkòrò wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fọ́ króòmù, ìrísí rẹ̀ nìkan ló lè yí padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ lé elékítírọ́ọ̀nù jáde nínú ìyẹ̀fun, Cr(VI), ìyẹn irú króòmù tó ń fún omi ní àwọ̀ ìyeyè, gbà á, ó di Cr(III), irú króòmù mìíràn. Oró Cr(III) kò tó ti Cr(VI) rárá, àmọ́ inú omi ló ṣì wà. Ẹ ní láti fi kọ́sítíìkì sódà gbé pH omi náà (òdiwọ̀n bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó; bí ó bá ṣe kéré sí 7 ni ásíìdì ṣe ń pọ̀ sí i) dé nǹkan bíi 8 tàbí 9, kó lè dì, kó rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe inú gọ́tà là ń dà á sí.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò ló sábà máa ń tàn wọ́n. Diphenylcarbazide, kẹ́míkà tí wọ́n ń kán sí omi láti wá króòmù, máa ń pọ́n bí àlùkò, ẹ̀rọ á sì kà á ní ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ 540 nm, àmọ́ Cr(VI) nìkan ló mọ̀. Tí àwọ̀ náà ò bá yọ, ìyẹn ò ní kí Cr(III) má kún inú omi. Òdiwọ̀n WHO fún omi mímu, 0.05 mg nínú lítà kan, àpapọ̀ króòmù ló ń kà. Ẹ gbé omi náà lọ síbi tí ẹ̀rọ AAS wà, èyí tó ń ka gbogbo króòmù inú omi.

Ẹlòmíràn á lọ bu omi ilé iṣẹ́ awọ ní Kánò, á gbé iná tì í. Kí lẹ fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ṣe níbẹ̀? Iyọ̀ Cr(III) ni wọ́n sábà fi ń ṣe awọ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ sódà nìkan ni omi yẹn nílò, kí owó iná má bàa wọgbó.

Tí ẹ bá fẹ́ tan iná sí omi, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní pH 7. Iṣẹ́ á falẹ̀, Cr(III) á sì dì mọ́ ara ìyẹ̀fun, á bò ó lójú. pH 2 sí 3 ló dáa. Ẹ tún fi ásíìdì tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, kí elékítírọ́ọ̀nù má bàa padà síbi tó ti wá. Díẹ̀ ni mo wí o: tó bá pọ̀ jù, á di Cr(III) mú, kò ní jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ dáadáa.

Gílóòbù LED inú ilé ò lè ṣiṣẹ́ yìí, torí ìmọ́lẹ̀ tí ìgùn ìgbì rẹ̀ kéré sí nǹkan bíi 388 nm ni titanium dioxide ń gbà. Oòrùn ń ṣe é, àmọ́ UV inú rẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ẹ tó tanná, ẹ ro omi àti ìyẹ̀fun pọ̀ nínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa ka èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun lásán mọ́ iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun tó bá sì pọ̀ jù á ṣíji bo ara rẹ̀.

Ní ti zinc àti cadmium, ẹ wá ọ̀nà mìíràn. Elékítírọ́ọ̀nù titanium dioxide ò lágbára tó láti yí wọn padà.