Bí a ṣe ń gbé rédíò pàjáwìrì sáfẹ́fẹ́ lẹ́yìn àjálù

Ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì tàbí omíyalé lè wó òpó fóònù kó sì pa iná ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irinṣẹ́ bá ti wà nílẹ̀, rédíò FM kékeré lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ìwé àṣẹ ló máa ń fa ìdádúró. Ní Jàpáánì, ìjọba ìbílẹ̀ lè fẹnu lásán béèrè fún un nígbà àjálù, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2011. Níbi tí irú ètò yìí kò sí, ẹ tọ àjọ tó ń pín ìkànnì lọ kí àjálù tó dé, kẹ́ ẹ mọ ẹni tó máa fọwọ́ sí i.

Kẹ́ ẹ tó mú ìkànnì láàárín 88 sí 108 MHz, ẹ fi rédíò ọkọ̀ wá ibi tó ṣófo, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí pápákọ̀ òfurufú bá wà nítòsí, ẹ jìnnà sí 108, torí òkè rẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ òfurufú ti ń gba àmì ìtọ́sọ́nà.

Áńtẹ́nà ṣáájú wáàtì

Tíráńsímítà (ẹ̀rọ tó ń ta ohùn sáfẹ́fẹ́) 50 wáàtì tí áńtẹ́nà rẹ̀ ga wúlò ju ti 300 wáàtì tí áńtẹ́nà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, áńtẹ́nà tó ga ní mítà 16 ń dé nǹkan bíi kìlómítà 16. Tó bá ga ní mítà 25, ó ń dé nǹkan bíi 20. Òkè àti ilé gogoro ń dí i lọ́nà.

Ọ̀pá méjì péré ló wà lára áńtẹ́nà tó rọrùn jù. Ẹ fi MHz tiyín pín 7,125, ohun tó bá jáde ni gígùn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà: ní 98 MHz, ó jẹ́ nǹkan bíi 73. Ẹ nà án lóòró, torí lóòró ni áńtẹ́nà ọkọ̀ àti ti rédíò kékeré máa ń wà. Ẹ fi okùn de òpó náà sí ọ̀nà mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì rí i pé bó bá tilẹ̀ wó, kò ní kan wáyà iná. Iná tó ti lọ lè dé láìkìlọ̀.

Wáyà tó so tíráńsímítà mọ́ áńtẹ́nà ló ń jẹ agbára mọ́ yín lọ́wọ́. Nínú mítà 30 wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní RG-58, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára ló ń ṣòfò; RG-213 tó nípọn jù ú lọ ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ṣòfò. Nítorí náà, ẹ gbé tíráńsímítà sún mọ́ ìdí òpó.

Ẹ má ṣe tan tíráńsímítà láìsí áńtẹ́nà lára rẹ̀ láé: agbára náà á padà wá jó o. Ẹ fi wáàtì 5 bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo SWR, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bí agbára tó ń padà láti áńtẹ́nà ṣe pọ̀ tó. Bí kò bá kọjá 1.5, ẹ gbé wáàtì sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá kọjá 2, ẹ pa á. Omi tó wọ ojú ìsopọ̀ ló sábà máa ń fà á, tàbí páànù òrùlé tó sún mọ́ áńtẹ́nà jù. Ẹ fi mítà 3 sí àárín wọn. Ẹ pa sítẹ́rio pẹ̀lú: ohùn kan ṣoṣo ń jìnnà ju méjì lọ, ìròyìn kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀.

Iná

Tíráńsímítà 50 wáàtì ń jẹ bíi 100. Bí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ohùn bá jẹ 80, wákàtí mẹ́fà jẹ́ 1,080 wáàtì-wákàtí (wáàtì lọ́nà iye wákàtí). Bátìrì olómi 12V, 200Ah, ní 2,400 lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni kẹ́ ẹ lò kó má bàa bàjẹ́. Bátìrì kan tó fún wákàtí mẹ́fà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló máa ṣẹ́kù. Ẹ pín wákàtí náà sí àárọ̀ 6 sí 9 àti ìrọ̀lẹ́ 5 sí 8, kẹ́ ẹ sì máa kéde àkókò náà léraléra. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ síta, ó kéré tán mítà 6 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pani láìrùn.

Ohun tí ẹ máa sọ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń kùnà. Ìkéde kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà, ibi tó wà, ìgbà, ẹni tó sọ ọ́, àti ìgbà tó máa parí. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ yọ èyí tó ti kọjá kúrò nílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá rìn lọ síbi omi tó ti tán kò ní gbà yín gbọ́ mọ́. "Ẹ ṣọ́ra fún omi" kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ẹ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí omi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, mẹ́ta bí ibẹ̀ bá ga ju mítà 2,000 lọ.

Ẹ má kéde ibi ìpín oúnjẹ kí ọkọ̀ tó dé àti kí alábòójútó ibẹ̀ tó gbà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èrò á tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Bí ọmọ kan bá sọ nù, ẹ má ka orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà sórí afẹ́fẹ́. Ẹ fi í lé àwọn tó ń bójú tó ọmọdé lọ́wọ́. Bí àhesọ bá ń tàn kálẹ̀, ẹ fi òótọ́ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má tún àhesọ náà sọ.

Ní ọjọ́ kejì, kí ẹnì kan fi rédíò ọkọ̀ yí àdúgbò ká, kó sàmì sí ibi tí ohùn ti ń já. Níbi tí kò dé, tàbí tí èrò kò ti ní rédíò, ẹ gbé rédíò kan àti gbohùngbohùn síbi tí wọ́n ti ń tò fún omi. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àtijọ́ bá padà, ẹ kéde ìkànnì wọn fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó pa tiyín.