Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ mánúà tó ń yí gíà fúnra rẹ̀, tí clutch kò fi ní jóná

Suzuki Celerio tó ní AGS, Opel Corsa tó ní Easytronic, àwọn Toyota kan tó ní MultiMode: pẹ́dà méjì péré ló wà nínú wọn. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n ní ọ̀tọ̀mátíìkì, tí wọ́n sì ń bà wọ́n jẹ́. Gíábọ́ọ̀sì mánúà ló wà nínú wọn, tòun ti clutch rẹ̀, ìyẹn awo tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Kọ̀ǹpútà ló kàn ń bá yín tẹ clutch, tó sì ń bá yín yí gíà.

Gbígbéra kò le. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi sí N, ẹ sítáàtì, ẹ fi sí D (lára àwọn kan, A tàbí E ni wọ́n kọ síbẹ̀), ẹ máa lọ. Ẹ má wá P kiri, kò sí nínú wọn.

Orí òkè ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ẹ wo sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ lórí òkè Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn: awakọ̀ á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, á máa rọra tẹ iná kí ọkọ̀ má baà yí sẹ́yìn, ọkọ̀ á dúró sójú kan, inú rẹ̀ á sì dùn. Ọ̀tọ̀mátíìkì gidi lè fara da ìyẹn fúngbà díẹ̀, torí òróró ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. Awo clutch gbígbẹ lèyí ní. Bí ẹ bá fi iná gbé ọkọ̀ dúró, awo náà kò dì mú tán, kò sì tú sílẹ̀ tán. Ńṣe ló ń ha ara rẹ̀ títí yóò fi gbóná. Bí ẹ bá ti gbọ́ òórùn ìjóná, tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí ọkọ̀ kò gun òkè, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó tutù. Ẹ má tẹ iná sí i.

Bíréèkì ọwọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ fà á sókè, ẹ tẹ iná títí imú ọkọ̀ yóò fi fẹ́ gbéra, kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan máa ń di bíréèkì mú fúnra wọn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èmi kì í gbára lé e. Ẹ má sì rá pálá tẹ̀lé ọkọ̀ iwájú. Ẹ jẹ́ kí àyè ọkọ̀ kan tàbí méjì ṣí, kí ẹ tó lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń fun fèrè lẹ́yìn kò ní bá yín ra clutch. Bí ìdúró bá pẹ́, N.

Lójú ọ̀nà tó já geere, ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí iná bó bá ń yí gíà, á wọlé wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, ẹ fi sí M, níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ yan gíà, kí ẹ já gíà wálẹ̀ kí ẹ tó bọ́ síta.

Bí ẹ bá fẹ́ páàkì, bíréèkì ọwọ́ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú gíà kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ orí òkè ni, òkúta kan lábẹ́ táyà, ọ̀fẹ́ ni.

Bí clutch bá wá di pípààrọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì bóyá ó ní kọ̀ǹpútà tí yóò fi kọ́ gíábọ́ọ̀sì ní ibi tí clutch tuntun ti ń dì mú. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.