Jíìpù Àtijọ́ Tó Ń Sítáàtì Nígbà Tó Bá Wù Ú: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ọkọ̀ tó bá kú pátápátá kì í ṣòro tún ṣe, nítorí àìsàn rẹ̀ ò ríbi sá pamọ́ sí. Èyí tó ń tán owó àti sùúrù èèyàn ni Hilux tàbí Land Cruiser àtijọ́ tó sítáàtì wẹ́rẹ́ láàárọ̀ ní Adó-Èkìtì, tó gbé yín dé oko kòkó lọ́nà Ẹmùré, tí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ láti padà sílé, tó dún "tàà" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì dákẹ́. Ẹ pe mẹkáníìkì. Kó tó gun ọ̀kadà débẹ̀, ọkọ̀ ti tutù. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dún. Ó ní nǹkan kan ò ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún kọ̀.

Mo fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Àwọn ló ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Mẹsí nígbà òjò, nígbà tí mọ́tò kéékèèké bá ti rì sínú ẹrẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù nítorí wáyà kan tó dípẹtà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe àìsàn náà ló pa ọkọ̀, ohun tí a fi ń wò ó ni.

Ẹ má fi orúkọ kan pe ìṣòro méjì

"Mọ́tò mi ò sítáàtì" kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé sítátà ò yí ẹ́ńjìnnì rárá ni, àbí ó ń yí i dáadáa ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kọ̀ láti dún? Ti àkọ́kọ́ jẹ mọ́ bátìrì, wáyà, súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ àti sítátà fúnra rẹ̀. Ti ìkejì jẹ mọ́ epo àti iná pílọ́ọ̀gì. Ẹni tó ra sítátà fún ọkọ̀ tí epo ò dé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ló ń yí tí kò dún, ẹ wo bí ẹ ṣe páàkì rẹ̀. Ní ìlú olókè bíi tiwa, ọkọ̀ tó bá sun mọ́jú pẹ̀lú imú lókè lè kọ̀ láàárọ̀, kó sì dún wẹ́rẹ́ tó bá sùn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Atẹ́gùn ló ń ráyè wọ ọ̀pá epo, tí epo sì ń ṣàn padà sínú táǹkì. Ẹ yẹ rọ́bà àti kílíǹpù ọ̀pá epo wò, ẹ yẹ ìdí fílítà wò. Àwọn tó sábà máa ń ní kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì kò tíì wo èyí.

Ẹ má kọ́kọ́ ra bátìrì

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ọkọ̀ kọ̀, wọ́n bá a ra bátìrì, ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó tún kọ̀. Ìdí tó fi kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni pé nígbà tí wọ́n ń gbé bátìrì tuntun sí i, wọ́n ha orí wáyà, wọ́n sì dì í le. Híha yẹn ló wò ó sàn, kì í ṣe bátìrì.

Mítà tí àwọn rewáyà fi ń wọn iná kò wọ́n tó bátìrì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ wá wọn bátìrì. Bátìrì 12 fóòtì tó kún dáadáa á fi nǹkan bíi 12.6 hàn. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé ìdajì. Bí kò bá tó 12, kò sí iná gidi nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ ń wo mítà. Bí sítátà bá ń yí tí iná sì já wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi 9.6, bátìrì náà ò lágbára mọ́. Bí kò bá já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọkọ̀ sì kọ̀, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, ẹ wá ìṣòro yín síbòmíràn.

Kí ẹ tún wọn ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: láàárín 13.8 sí 14.5 ló dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti "dán ọ́tánétọ̀ wò". Iná máa ń fò sókè lójijì, ó sì lè ba ọ́tánétọ̀ jẹ́, kó tún pa ọpọlọ (kọ̀ǹpútà) ọkọ̀ tó bá ní in. Mo ṣì ń rí i tí wọ́n ń ṣe é káàkiri.

Ẹ má fojú wo wáyà kí ẹ sì ní ó dára

Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: èyí tó so nẹ́gétíìfù bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì, àti èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Gbogbo iná tó bá lọ sí sítátà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà. Nínú ọkọ̀ tó ti ń wọ odò, tí ẹrẹ̀ pupa sì ti gbẹ mọ́ lábẹ́, wáyà náà lè dúdú nínú rọ́bà rẹ̀ síbẹ̀ kó máa dán lókè. Ojú ò lè rí i. Bóòtì tó dè é mọ́ irin náà lè ti dípẹtà, kó jẹ́ pé bó bá gbóná tàbí tó bá mì ni iná ń já.

Mítà ló ń rí i. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gétíìfù bátìrì gan-an, kì í ṣe sórí kílíǹpù, ẹ fi èkejì sára irin sítátà, kí ẹnì kan wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá fi ohun tó ju 0.3 fóòtì lọ hàn, iná ń sọnù lójú ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pósítíìfù, láti orí bátìrì dé bóòtì ńlá ara sítátà, 0.5 ni kó má kọjá. Àyẹ̀wò yìí kò pẹ́, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń sá fún jù.

Ẹ má lu sítátà kí ẹ sì máa lọ

Bí ẹ bá fi òòlù gbá sítátà tí ọkọ̀ sì sítáàtì, sítátà ti jẹ́wọ́. Ẹ má fi ìyẹn ṣe oògùn. Kábọ́nù inú rẹ̀ ti jẹ tán, tàbí bàbà inú sólẹ́nọ́ìdì, súwíìṣì ńlá tó wà lára sítátà, ti jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, bàbà kéékèèké méjì yìí ló ń fa "tàà" ẹyọ kan. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítátà tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Láti mọ̀ bóyá bàbà ni, ẹ wọn iná láàárín bóòtì ńlá méjì ara sólẹ́nọ́ìdì nígbà tó bá dún "tàà" tí kò yí. Bí mítà bá ṣì fi nǹkan bíi 12 hàn, iná dé ẹnu ọ̀nà, kò rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi síkúrúdíráfà so bóòtì sítátà pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà nínú jíà. Yóò fò síwájú, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà á. Bákan náà ni títi ọkọ̀ sítáàtì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: kí ẹ́ńjìnnì tó dún, bíréèkì le, ìwakọ̀ sì wúwo. Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe ibi tí a ti ń dán ìyẹn wò.

Ẹ má gbàgbé sẹ́kúrítì

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ níbí ló ní súwíìṣì olè tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí àlámù tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín fi sí i. Wáyà kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n máa ń gé láti so ó, tí wọ́n á lọ́ ọ pọ̀, tí wọ́n á fi téèpù wé e. Téèpù yẹn ń yọ́ nínú ooru. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì tú dáṣíbọ́ọ̀dù wò kí ẹ tó fura sí súwíìṣì kọ́kọ́rọ́. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ aládàáṣe, tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, ẹ gbìyànjú láti sítáàtì rẹ̀ nínú N dípò P. Bó bá dún, súwíìṣì ara jíà ló ní ẹjọ́.

Àṣìṣe tó tóbi jù: ṣíṣe àyẹ̀wò nígbà tí ara ọkọ̀ yá

Gbogbo wíwọn tí mo sọ yìí kò wúlò tó bí ẹ bá ń ṣe é nígbà tí ọkọ̀ ń dáhùn. Àfi nígbà tó bá kọ̀. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó ń bi mí nìyí: ẹ so gílóòbù 12 fóòtì kékeré kan mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé àṣẹ kọ́kọ́rọ́ wá sí sólẹ́nọ́ìdì, ẹ fi fíúsì kékeré sí i lójú ọ̀nà, ẹ fa á wọ inú ọkọ̀, ẹ so ẹsẹ̀ kejì gílóòbù mọ́ irin ara ọkọ̀. Ẹ máa wà á lọ. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀, ẹ wo gílóòbù nígbà tí ẹ ń yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá tàn yòò tí sítátà ò yí, iná dé, ìṣòro wà ní sítátà tàbí wáyà ńlá. Bí kò bá tàn, ẹ padà sẹ́yìn: fíúsì, súwíìṣì kọ́kọ́rọ́, súwíìṣì kílọ́ọ̀ṣì tàbí ti jíà, sẹ́kúrítì. Bó bá ń tàn bàìbàì, wáyà náà ti gbó, iná tó ń dé ò tó. Ní irú èyí, ooru á mú un burú sí i, nítorí wáyà inú sólẹ́nọ́ìdì tó gbóná kì í gba iná tó bíi ti tútù. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń kọ̀ lóko lẹ́yìn ìrìn àjò, tí sàlẹ́ńsà ti yan sítátà, tó sì ń dún nígbà tí mẹkáníìkì dé. Rílè kan, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré ń tì, tó gba iná láti bátìrì tààrà, tó ní fíúsì tirẹ̀, máa ń yanjú rẹ̀ láìra sítátà.

Kí ìwé kékeré kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá kọ̀: ṣé ó gbóná, ṣé òjò rọ̀, ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ṣé ó dún "tàà" àbí kò dún rárá, ṣé iná dáṣíbọ́ọ̀dù rọ̀. Rewáyà tó mọṣẹ́ á fi ìwé yẹn ṣe ju ohun tí yóò fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe láìsí i.

Nígbà tí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ má yọ gílóòbù yẹn. Ẹ di ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, ẹ pa á fún bíi ogún ìṣẹ́jú ní ọjà Ìkẹ́rẹ́, nítorí ìgbà náà ni ooru ń ràn wọ sítátà jù, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò kí ẹ tó san ìyókù owó iṣẹ́.